Ojú ọ̀tún àti ojú òsì: àkọsílẹ̀ ọmọ kan tó ní àrùn Marfan

Ọmọkùnrin ọdún 8 ni. Nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un dé kílíníkì ojú tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn kan ní ìlú mìíràn ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù méje ṣáájú. Ìwé tí wọ́n fi lé ìyá lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé kò ju ìlà méjì lọ: a yọ kátáráàtì ojú ọ̀tún, a fi lẹ́ǹsì àtọwọ́dá sí i, kí ẹ máa kán oògùn. Kátáráàtì ni ìgbà tí lẹ́ǹsì inú ojú bá ṣú, tí kò mọ́ mọ́. Ohun tó gbé wọn wá sọ́dọ̀ wa ni pé ojú náà ti ń yà sí ẹ̀gbẹ́. Olùkọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀, ó ní ọmọ náà kì í wo ojú ẹni gán-án mọ́ tó bá ń dáhùn ọ̀rọ̀.

Ìyá ló gbà kí n kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní àwọn ìyá mìíràn lè máa wá irú rẹ̀ kiri. Mo ti pààrọ̀ àwọn nǹkan tó lè mú kí wọ́n dá wọn mọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ojú méjèèjì ni mi ò fọwọ́ kàn.

Kí dókítà tó tan iná sí ojú rẹ̀ rárá ni àwa tó wà nídìí tábìlì ti ń wò ó. Ó ga ju àwọn ọmọ ọdún 11 tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lọ. Apá rẹ̀ gùn, ìka rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, àyà rẹ̀ wọnú láàárín. Mo ní kó ká àtàǹpàkò sínú àtẹ́lẹwọ́ kó sì fi ìka yòókù dì í bí ẹni di ẹ̀ṣẹ́. Orí àtàǹpàkò náà yọ jáde ní òdìkejì ọwọ́. Mo ní kó fi ọwọ́ kan gbá ọrùn ọwọ́ kejì mú. Àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín gun orí ara wọn. Àyẹ̀wò méjèèjì kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, wọn kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ní ilé ìwé, Àgùnfọn ni wọ́n ń pè é. Ní àdúgbò, àwọn àgbà a máa kí i ní Agùntáṣọọ́lò, inú rẹ̀ á sì dùn. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ní bàbá rẹ̀ ló jọ, bàbá náà ga bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń lo awò ojú tó nípọn.

"Bàbá wá ńkọ́, màmá?" ni dókítà bi í.

Bàbá ti kú. Ẹni ọdún 34 ni. Ó dìde lórí àga níbi iṣẹ́, ó di àyà mú, ó ní nǹkan ń ya òun lẹ́yìn, ó sì ṣubú. Ẹ̀mí ti bọ́ kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Àwọn ẹbí ní iṣẹ́ ayé ni, ẹnu sì kan ìyàwó nínú ọ̀rọ̀ náà bí ẹnu ṣe máa ń kan opó. Ọdún kẹta rèé tó ti ń ru ẹ̀sùn yẹn kiri.

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí gan-an ni ẹnikẹ́ni kò béèrè níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi abẹ kan ojú ọmọ. Ìbéèrè kan péré ni, ìdáhùn rẹ̀ ì bá sì ti sọ fún wọn pé ojú tó wà níwájú wọn kì í ṣe ojú bí ojú.

Àrùn Marfan ló ń ṣe ọmọ náà. Dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Antoine Marfan, ló kọ̀wé ní Paris ní 1896 nípa ọmọbìnrin ọdún 5 kan tí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ìka rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àrùn náà títí dòní. Ní 1991 ni àwọn onímọ̀ rí jíìnì tó ń fà á, FBN1. Òun ló ń darí bí ara ṣe ń ṣe fibrillin-1, ọ̀kan lára àwọn èròjà tó so ẹran ara pọ̀ tó sì ń jẹ́ kí ó lè nà kí ó sì padà. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 5,000 ló ní àrùn yìí, dúdú àti funfun, ọkùnrin àti obìnrin. Bí òbí kan bá ní in, ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bí lè jogún rẹ̀ tàbí kó má jogún rẹ̀, ìdajì-ìdajì ni. Ṣùgbọ́n nínú mẹ́rin tó ní in, bí ọ̀kan kì í ní òbí kankan tó ní in. Ara tirẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Egungun, òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde, àti ojú ni ọṣẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Lẹ́ǹsì inú ojú kì í dá léfòó. Àwọn fọ́nrán tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ ló so ó ró yíká, fibrillin ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí fọ́nrán wọ̀nyẹn jẹ́. Tí fibrillin bá ti mẹ́hẹ, àwọn fọ́nrán á na, òmíràn á já, lẹ́ǹsì á sì sún kúrò láàárín. Nínú mẹ́wàá tó ní Marfan, bí mẹ́fà ni lẹ́ǹsì wọn ń sún, òkè lápá ìta ló sì sábà máa ń gbà lọ.

Ojú òsì, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣiṣẹ́ abẹ fún, ni dókítà kọ́kọ́ wò nínú slit lamp, ẹ̀rọ oníná tó ń mú kí inú ojú hàn ńlá. Ó pè mí pé kí n wá wò ó. Bí ọmọ náà bá yí ojú tó sì dúró lójijì, ẹran dúdú tó yí ọmọlójú ká á máa gbọ̀n bí omi inú igbá tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀. Kò sí ohun tó gbé e ró lẹ́yìn mọ́. Nígbà tí ọmọlójú ṣí díẹ̀, etí lẹ́ǹsì hàn gedegbe, ó dá ọmọlójú sí méjì: lẹ́ǹsì wà lápá òkè, òfìfo ló wà nísàlẹ̀. Lẹ́ǹsì náà mọ́ kedere, kò ní kátáráàtì rárá.

Ibẹ̀ la ti fura pé ojú ọ̀tún náà kò ní kátáráàtì rí. Ìyá sọ pé bọ́ọ̀lù kan ló bà á ní pápá ní bí oṣù kan kí wọ́n tó lọ síbẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé bọ́ọ̀lù ló yẹ nǹkan ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bọ́gbọ́n mu ni lójú ẹni tó wo ojú kan ṣoṣo, nítorí ìfarapa máa ń yẹ lẹ́ǹsì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kan kì í ba ojú méjèèjì. Ọmọ tí lẹ́ǹsì rẹ̀ sún lọ́tùn-ún lósì, inú ara rẹ̀ ni ká ti lọ wádìí.

Ọmọlójú ọ̀tún kò rí róbótó mọ́. Ó fà ṣóńṣó sókè, síbi tí wọ́n ti la ojú tí wọ́n sì rán an. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí kì í wo irú ọmọlójú bẹ́ẹ̀ kó má mọ̀ pé jẹ́lì inú ojú ti há sójú ọgbẹ́. Jẹ́lì tó mọ́ gaara ló kún inú ẹyinjú, ó sì lẹ̀ mọ́ rẹ́tínà, awọ fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn ojú tó ń gba àwòrán. Bí jẹ́lì yìí bá tú síwájú nígbà iṣẹ́ abẹ tí wọn kò sì gé e kúrò pátápátá, ìwọ̀nba tó há sójú ọgbẹ́ á máa fa èyí tó kù, èyí tó kù á sì máa fa rẹ́tínà. Ojú Marfan sì gùn ju ojú ẹlòmíràn lọ, rẹ́tínà rẹ̀ ti nà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀; ìfà tí ojú mìíràn lè gbà mọ́ra, á ya tirẹ̀. Ti ọmọ yìí ti ya. Rẹ́tínà ti ṣí kúrò lára ògiri ojú, ó ti ká jọ, àpá funfun ti hù lé e lórí. Lẹ́ǹsì àtọwọ́dá tí wọ́n gbé síwájú ọmọlójú náà ti yẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń ha ẹran dúdú. Ìmọ́lẹ̀ iná nìkan ni ojú yẹn ń rí.

Dókítà jókòó ti ọmọ náà, ó bi í bóyá ó rí kòkòrò dúdú tó ń fò lójú rẹ̀, tàbí iná tó ń kọ mànà nínú òkùnkùn, tàbí nǹkan tó ń bò ó bí aṣọ.

"Aṣọ, sà," ló dáhùn. "Ó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó ti pẹ́."

Ìyá rẹ̀ yíjú sí i. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo rò pé ara iṣẹ́ abẹ náà ni, mà."

Ọmọ tí ojú rẹ̀ kejì ṣì ń ríran kì í fẹjọ́ ojú tó ń kú sùn. Àgbàlagbà pàápàá kì í tètè mọ̀. Ẹni tó yẹ kó mọ̀ ni ìyá, ẹni tó sì yẹ kó ti sọ fún ìyá ni àwọn tó fún un ní ìwé onílà méjì yẹn. Ká ní wọ́n sọ fún un pé ọjọ́ tí aṣọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú ni kí wọ́n máa sáré bọ̀, ì bá jẹ́ pé díẹ̀ lára rẹ̀ ṣì ṣeé rí gbà.

Mi ò sọ pé dókítà tó kọ́kọ́ ṣe é kò mọ iṣẹ́. Kí jẹ́lì tú lójú tí kò ní fọ́nrán, ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù. Ohun tí mo ń bá wọn wí fún ni pé wọ́n gbé ojú tí lẹ́ǹsì rẹ̀ ti sún sórí tábìlì bí ẹni fẹ́ yọ kátáráàtì bàbá àgbà: wọ́n là á lókè, wọ́n fẹ́ fa lẹ́ǹsì jáde lódidi, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń gé jẹ́lì nítòsí. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ dàrú, wọ́n tún gbé lẹ́ǹsì àtọwọ́dá sínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo ìka rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ lé ọkàn rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní oògùn amúnisùn. Pé ó jí padà láti orí tábìlì yẹn, ọpẹ́ ni.

Dókítà wa kò gbé e lọ sí tíátà lọ́sẹ̀ yẹn. Rẹ́tínà tó ti ṣí fún oṣù mélòó kan, tó sì ti ní àpá, ọ̀sẹ̀ méjì kò ní bà á jẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkàn ló kọ́kọ́ rán wọn lọ wò. Ẹ́kò, àyẹ̀wò tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn, fi hàn pé ìdí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá náà ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ fún ara rẹ̀ lọ. Dókítà ọkàn bẹ̀rẹ̀ atenolol fún un kí ọkàn má baà máa lù ú kíkankíkan, ó sì ṣàlàyé fún ìyá pé ìrora tó ń ya bàbá lẹ́yìn lọ́jọ́ tó ṣubú yẹn jọ ìgbà tí òpó ẹ̀jẹ̀ yìí bá fàya. Àìsàn tí wọ́n bí mọ́ ọn ni, kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé." Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó béèrè fún ìwé láti fi gba ààyè níbi iṣẹ́. Tirẹ̀, àwọn ẹbí ọkọ ló fẹ́ lọ fi hàn. Dókítà ọkàn kọ ọ́ fún un, ó lù ú ní òǹtẹ̀.

Àyẹ̀wò kan tún wà tí dókítà wa takú lé lórí. Àìsàn kan wà tó jọ Marfan gan-an, homocystinuria: ọmọ á ga, ìka á gùn, lẹ́ǹsì á sún. Ní tirẹ̀, ìsàlẹ̀ lápá imú ni lẹ́ǹsì sábà máa ń gbà, ẹ̀jẹ̀ sì máa ń dì nínú iṣan. Ọmọ tó ní in tí wọ́n bá fún ní oògùn amúnisùn láìmọ̀, tí omi ara rẹ̀ gbẹ nítorí àwẹ̀ iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí ọpọlọ tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Nitrous oxide, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń mú èèyàn sùn fún iṣẹ́ abẹ, náà kò bá a mu rárá. Nítorí náà, bí lẹ́ǹsì ọmọ yìí tilẹ̀ lọ sókè, a gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún homocysteine, èròjà tó máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àìsàn náà. Òkè òkun ni ilé àyẹ̀wò fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí, ó pẹ́, owó rẹ̀ sì dun ìyá. Kò sí àìsàn yẹn lára rẹ̀. Àwọn kan lè ní owó náà ṣòfò. Èmi ò sí lára wọn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kán ojú ni mo fẹ́ sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi. Ọmọlójú àwọn ọmọ Marfan kì í fẹ́ ṣí. O kán tropicamide, ẹ̀kán tó ń ṣí ọmọlójú, o dúró, o tún kán, ó ṣí díẹ̀ ó sì dúró. Dókítà ń ké pè ọ́ láti inú yàrá, èrò pọ̀ níta, phenylephrine ìdá 10 nínú 100 sì wà lórí tábìlì tí a fi ń ṣí ojú àwọn àgbà. Ọwọ́ á fẹ́ lọ síbẹ̀. Ẹ̀kán yẹn ń gba ojú wọ ẹ̀jẹ̀, ó sì lè gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè lójijì nínú ọmọ tí òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fẹ̀. Ní kílíníkì wa, ìdá 2.5 ni fún ọmọdé, a sì máa ń tẹ igun ojú lápá imú mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi méjì lẹ́yìn tí a bá kán an kó má baà ṣàn lọ sínú imú. Fún ọmọ yìí, tropicamide àti cyclopentolate la lò, a sì ní sùúrù.

Àwọn dókítà rẹ́tínà kò pọ̀ ní Nàìjíríà, èyí tó ń ṣe ti ọmọdé sì tún kéré sí i. Ẹni tí a fi wọ́n ránṣẹ́ sí yọ lẹ́ǹsì àtọwọ́dá náà, ó gé gbogbo jẹ́lì, ó bó àpá kúrò lórí rẹ́tínà, ó fi iná lésà lẹ ìdí ihò náà pọ̀, ó sì fi òróró sílíkóònù kún inú ojú kó lè tẹ rẹ́tínà mọ́ ògiri. Nítorí pé òróró náà fúyẹ́ ju omi lọ, ó lu ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ ẹran dúdú kí omi lè ráyè kọjá. Fún ìdí kan náà, ọmọ gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀ kí òróró lè léfòó lọ sí ẹ̀yìn ojú.

Ẹ wo ọmọ ọdún 8 tí wọ́n ní kó dojú bolẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ìyá rẹ̀ ló rí ọgbọ́n dá sí i. Ó to ìrọ̀rí méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó fi àlàfo sílẹ̀ láàárín fún ojú rẹ̀, ó wá gbé fóònù kàlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àlàfo náà kó máa wo kàtúùnù pẹ̀lú ojú òsì. Bátìrì ló ń lé e dìde, kì í ṣe òun. Mo ti ń sọ ọgbọ́n yẹn fún àwọn òbí mìíràn láti ìgbà náà.

Rẹ́tínà dúró fún oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn náà, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ tún gbé díẹ̀, nítorí pé òróró kì í tẹ ìsàlẹ̀ dáadáa, àpá sì tún hù níbẹ̀. Wọ́n fi òróró náà sílẹ̀ sínú rẹ̀, nítorí bí wọ́n bá yọ ọ́, gbogbo rẹ̀ lè wó. Ojú ọ̀tún ń rí ọwọ́ tí wọ́n bá jù níwájú rẹ̀. Kò tún ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́.

Ó wá ku ojú òsì. Dókítà gbìyànjú awò ojú ná. Ó wò ó láti inú lẹ́ǹsì tó ti sún, ó wò ó láti inú òfìfo ìsàlẹ̀, ọ̀nà méjèèjì kò gbé e kọjá 6/36: ohun tí ojú tó dáa ń rí láti mítà 36, ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn dé mítà 6 kó tó rí i. Etí lẹ́ǹsì ló ń gba àárín ọmọlójú kọjá, àwòrán méjì tó ń jà ló sì ń wọlé. Ọmọ náà ń fi imú kan ìwé kó tó kà á. Bí ojú ọmọdé bá sì pẹ́ láìrí àwòrán tó mọ́, ọpọlọ kì í kọ́ láti lò ó mọ́. Kódà bí wọ́n bá tún un ṣe nígbà tó bá dàgbà, kò ní ríran tó.

Nígbà tí dókítà dá a lábàá pé kí wọ́n yọ lẹ́ǹsì náà, ìyá dìde dúró. "Ojú kan ṣoṣo ló kù fún un, sà. Òun náà lẹ tún fẹ́ fi abẹ kàn?" Kò sẹ́ni tó dá a lẹ́bi. Dókítà kò rọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kó lọ rò ó, kó sì mú ẹni tó bá fọkàn tán wá. Ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá, wọ́n bi dókítà ní gbogbo ìbéèrè tó wà nínú wọn, títí kan èyí tí àwa nọ́ọ̀sì kì í fẹ́ gbọ́: "Bí ó bá tún bàjẹ́ ńkọ́?" Ó sọ fún wọn pé ó lè bàjẹ́. Ó ní rẹ́tínà lè ṣí lójú tí a ṣiṣẹ́ abẹ fún, ó sì lè ṣí lójú Marfan tí a kò fọwọ́ kàn rárá. Ohun tó lè ṣèlérí ni ọ̀nà tí wọn yóò gbà ṣe é àti bí wọn yóò ṣe máa ṣọ́ ọ. Oṣù mẹ́ta kọjá kí ìyá tó fọwọ́ sí ìwé.

Dókítà rẹ́tínà kan náà ló ṣe é. Kò la ojú náà gbàgà. Ihò kéékèèké mẹ́ta ló gbà wọlé. Lẹ́ǹsì ọmọdé rọ̀, ẹ̀rọ tó ń gé jẹ́lì lè jẹ ẹ́ mọ́ inú ojú láìfa ohunkóhun jáde. Ó gé jẹ́lì tó wà nítòsí tónítóní kó má baà sí èyí tó máa há sójú ọgbẹ́. Ó wá tẹ ẹyinjú láti ìta yíká-yíká, ó ń wo etí rẹ́tínà. Ó rí ibi méjì tó ti fẹ́lẹ́ jù, ó fi lésà yí wọn ká.

Kò fi lẹ́ǹsì àtọwọ́dá sí i. Ìyá béèrè ìdí rẹ̀, torí àwọn ará ilé ń sọ pé iṣẹ́ náà kò pé. Nínú ojú tí kò ní fọ́nrán, kò sí ibi tí lẹ́ǹsì yóò jókòó lé. Wọ́n lè fi òwú rán an mọ́ ògiri ojú, ṣùgbọ́n òwú 10-0, òwú abẹ tó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an tí wọ́n ti ń lò tipẹ́, máa ń já lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọmọ ọdún 8 sì ní ọdún púpọ̀ níwájú. Àwọn òwú tó lágbára jù ú lọ wà báyìí, lẹ́ǹsì kan sì wà tó ń di ẹran dúdú mú. Àwọn ibòmíràn ń lò wọ́n fún ọmọdé, mi ò sì ní sọ pé wọ́n ṣì í ṣe. Fún ojú kan ṣoṣo tó kù, awò ojú la yàn.

Lọ́jọ́ kejì, mo ṣí bándéèjì, mo rí i pé ẹyinjú náà rọ̀. Ìfúnpá ojú jẹ́ 3, nígbà tí ti ojú tó dáa máa ń wà láàárín 10 sí 21. Mo fi bébà fluorescein, èyí tó ní àwọ̀ ọsàn lára, kan funfun ojú, dókítà tan iná búlúù: níbi ihò kan, àwọ̀ ọsàn náà ń tú sí ewé tútù tó ń dán, ó ń ṣàn sísàlẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ń jò. Wọ́n ti rán ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n funfun ẹyinjú ọmọ Marfan fẹ́lẹ́, òwú ti gé e kọjá. Wọ́n dá a padà sí tíátà, wọ́n tún un rán pẹ̀lú òwú tó tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, wọ́n mú ibi tó jìnnà díẹ̀ sí etí ọgbẹ́, wọ́n sì fi awọ òkè bò ó. Oògùn amúnisùn lẹ́ẹ̀kan sí i, dókítà ọkàn ní ìmọ̀ sí i, ìyá níta ń ka Sáàmù.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, òdìkejì rẹ̀ dé: ìfúnpá fò sí 34. Ẹ̀kán steroid, èyí tí a fi ń pa wíwú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ló fà á, ara àwọn ọmọdé kan kì í gbà á. Timolol ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn, òun ló wà lórí selifu wa, òun ló sì dínwó. Ṣùgbọ́n ìran oògùn kan náà ni òun àti atenolol; ọmọ tó ń gbé atenolol mì, bí a bá tún kán timolol sí i lójú, ọkàn rẹ̀ lè máa lù rọra jù. Dorzolamide ni dókítà kọ, ó sì pààrọ̀ steroid náà sí èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Pẹ̀lú awò ojú, ojú òsì ń ka 6/12 báyìí. Awò náà ní ìpele méjì, nítorí ojú tí kò ní lẹ́ǹsì kò lè sún ìríran súnmọ́ ìwé fúnra rẹ̀, polycarbonate sì ni dígí rẹ̀, èyí tí kì í fọ́ bọ̀rọ̀. Ó jókòó níwájú ní kíláàsì. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta la ń ṣí ọmọlójú rẹ̀ wo rẹ́tínà. Lẹ́yìn káàdì rẹ̀ la ti fi bírò pupa kọ MARFAN, òpó ẹ̀jẹ̀ ti fẹ̀, ojú kan ṣoṣo, kò gbọdọ̀ gba phenylephrine ìdá 10. Ìyá ní ìwé tirẹ̀ ní Yorùbá: kòkòrò dúdú tó ń fò, iná tó ń kọ mànà, aṣọ tó ń bo ojú, ọjọ́ kan náà ni kí ẹ wá, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníkì.

Olùkọ́ eré ìdárayá wọn ti ń fẹ́ fi í sínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù inú agọ̀n nítorí gíga rẹ̀. Mo bá ìyá kọ lẹ́tà sí ilé ìwé. Mo fi ọ̀rọ̀ Flo Hyman sínú rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà tó gbajúgbajà nídìí bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá, tó ṣubú lẹ́bàá pápá ní Japan ní 1986 tó sì kú ní ẹni ọdún 31. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé Marfan ló ní, òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀ ló fàya. Wọ́n gbà. Ó ń rìn, ó ń lúwẹ̀ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìbẹ́ sódò, ó sì ti di ẹni tó ń kọ iye àmì ayò sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ náà.

Ó ní àbúrò obìnrin kan, ọmọ ọdún 4. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá sún ọjọ́ tó yẹ kó mú un wá síwájú, mo sì mọ ohun tó ń sá fún. Nígbà tó mú un wá, a rí etí lẹ́ǹsì ojú méjèèjì bí ọmọlójú bá ṣí tán. Bí kò bá ṣí, kò hàn. Ẹ́kò rẹ̀ ṣì dára, ọdọọdún ni wọn yóò máa tún un ṣe. Lẹ́ǹsì ṣì bo àárín ọmọlójú, ó sì ń ríran dáadáa pẹ̀lú awò ojú. Abẹ kò tíì kan ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Oṣù mẹ́fà sí i ni yóò padà wá.